Ife Kọfí Tí Ẹ̀gbọ́n Dojú Rẹ̀ Délẹ̀

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Ẹlòmíràn lè ní òun gbọ́ ọ. Èmi wà nínú yàrá náà. Prámárì síìsì ni ìwé mi mọ, àmọ́ ní yunifásítì tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ jánítọ̀ ní Chicago, lẹ́yìn 1980 díẹ̀, kò sí purofẹ́sọ̀ tó lè wọ ọ́fíìsì bí èmi ò bá ṣílẹ̀kùn. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé náà wà nígbànú mi, wọ́n ń dún bí mo ṣe ń rìn.

Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ń kọ́ni ní ìtàn níbẹ̀. A jọ ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti àdúgbò Rogers Park ni. Ẹ̀gbọ́n ti di Mọ́mọ̀nù, ìjọ kan tó ní ìwé mímọ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí Bíbélì, tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ máa ń fẹ́ ìyàwó púpọ̀ láyé àtijọ́, a sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó kejì dà? A gbọ́ pé ìjọ yín ń fúnni."

"Ọ̀kan tí mo ní yìí gan-an ò jẹ́ n sinmi."

Ọdún yẹn ni àwọn òyìnbó fẹ́ pinnu bóyá ẹ̀gbọ́n á di òṣìṣẹ́ títí ayé tàbí wọ́n á máa lọ. Ẹ̀gbọ́n kìlọ̀ fún mi nínú ọkọ̀: "Àbúrò, má sọ ọ̀rọ̀ ìjọ mi fún wọn. Bí wọ́n bá bi mí, màá dáhùn. Bí wọn ò bá bi mí, kí ìwé tí mo kọ sọ̀rọ̀." Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí àwọn àgbà ẹ̀ka ìtàn pè wọ́n wá jẹun, èmi ni mo ń to àga. Kọfí dé. Ìjọ ẹ̀gbọ́n ò gbà kí wọ́n mu ún, ni wọ́n bá rọra dojú ife wọn délẹ̀. Òyìnbó kan rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá wọn ò ní kọfí nílé wọn. Ó dùn mí wọra. Mo gbé àga sílẹ̀, mo sì fi èdè òyìnbó dá a lóhùn: "Sà, ẹ̀gbọ́n mi kì í mu ún. Èèyàn ńlá ni nínú ìjọ Mọ́mọ̀nù. Ó ń wàásù." Mo rò pé mò ń gbé wọn ga ni, bí a ṣe ń yin èèyàn wa níwájú àlejò.

Obìnrin tó jẹ́ olórí ẹ̀ka gbé ṣíbí sílẹ̀: "Ìwọ tó ń kọ́ ọmọ ní ìtàn, ṣé o gbà pé òótọ́ ni ìtàn inú ìwé mímọ́ yín?"

Ẹ̀gbọ́n wò mí lẹ́ẹ̀kan. "Mo gbà á. Mi ò sì fi kọ́ ẹnikẹ́ni rí ní kíláàsì."

Kò sẹ́ni tó bi wọ́n nípa ìwé méjì tí wọ́n ti kọ.

Ọjọ́ tí àwọn òyìnbó ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n, mò ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Wọn kì í dákẹ́ tí mo bá wọlé. Ọ̀kan ní, "Ẹni tó bá gba ìyẹn gbọ́, kí ló kù tí kò ní gbà gbọ́?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pé kí ẹ̀gbọ́n máa lọ.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n nínú ọkọ̀: "Ẹ jẹ́ n lọ sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa."

"Àbúrò, irọ́ kọ́ ni."

Woodridge, ìlú kan lẹ́yìn Chicago, ni ẹ̀gbọ́n kó lọ, wọ́n ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú. Wọn ò kọ́ni mọ́ títí wọ́n fi kú. Lónìí, èmi náà ti di ọ̀gá, ènìyàn mọ́kànlá ló ń gbálẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n mi kì í so kọ́kọ́rọ́ mọ́gbànú mọ́. Ohun tó lọ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n nìyí: iṣẹ́ kan, ìwé kẹta tí wọ́n kọ dé ìdajì, ọmọ méjì tí ìyàwó kó padà sí Ìjẹ̀bú, àti ìyàwó náà, ẹyọ kan.