Ìròyìn Tí Àǹtí Mi Fi Pamọ́ fún Mi

Oyún mẹ́ta ló ti bàjẹ́ lára mi kí ọ̀kan tó dúró. Nígbà tó pé oṣù márùn-ún, dókítà ní kí n lọ dùbúlẹ̀, kí n má gbé nǹkan wúwo, kí n má sì gbọ́ ohun tó lè já mi láyà. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń rán aṣọ ilé-ìwé ní Bàrígà, mo wá nà sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹrù tí olówó rẹ̀ ò tíì wá gbé.

Àwa méjì péré ni màámi bí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mo ń pè ní Àǹtí mi, ń gbé ní Obanikoro. Gbogbo Sátidé ló máa ń wá bá mi fọ aṣọ, á se ọbẹ̀ sílẹ̀, á sì ka Bíbélì sí mi létí. Tí mo bá béèrè màámi tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, á ní wọ́n ń kí mi, pé fóònù wọn ló bàjẹ́. Ní Sátidé kan ó gbé èlùbọ́ wá, ó ní màámi ló ní kí òun gbé e fún mi. Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún màámi ní ẹ̀mí gígùn. Àǹtí mi ṣe àmín.

Mo bí ọmọbìnrin. Lọ́jọ́ ìkómọ, ojú àwọn ẹbí kún fún omijé, mo rò pé omijé ayọ̀ ni. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ló ń dun màámi tí wọn ò fi lè wá.

Ọmọ náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí mò ń bọ̀, ebi pa mí, mo ra bọ̀ọ̀lì. Ṣómólú, nítòsí wa níbẹ̀, ni gbogbo ayé ti ń tẹ ìwé. Èyí tó bá bàjẹ́ lórí ẹ̀rọ, àwọn oníbọ̀ọ̀lì á rà á fi di ọjà wọn. Mo ti jẹ bọ̀ọ̀lì náà dé ìdajì kí n tó rí ojú màámi lára ìwé tí wọ́n fi wé e, epo ti ta sí wọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìwé ètò ìsìnkú ni. Ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ti kọjá ní oṣù mẹ́rin. Nísàlẹ̀, wọ́n to orúkọ àwọn ọmọ tí olóògbé fi sílẹ̀, Àǹtí mi, lẹ́yìn náà èmi. Orúkọ mi ti wà lára àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, mi ò sì tíì ta omijé kan.

Àǹtí mi tó gbọ́n tó yẹn, tó kìlọ̀ fún ẹbí, fún ìjọ, fún ọkọ mi, ìtòsí ilé mi ló lọ tẹ ìwé náà.

Wọ́n ní bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé a kì í túfọ̀ fún aláboyún, pé wọ́n tún ń dúró kí omi ọyàn mi má baà gbẹ. Mo mọ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn dákẹ́ ni, bóyá ǹ bá gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ó fi èlùbọ́ kún un? Wọ́n sin ìyá mi, mi ò bu erùpẹ̀ sí i, mi ò rí ojú wọn.

Mo bínú sí ọkọ mi fún oṣù kan, ó sú mi, torí inú ilé kan náà la jọ wà. Èmi àti Àǹtí mi ò jọ gbé, ìbínú tèmi sí i ráyè gbilẹ̀. Mi ò gbé ìpè rẹ̀. Pásítọ̀ pè wá jọ, mo ní mo ti dárí jì í, ẹnu lásán ni. Tí a bá ń gba Àdúrà Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí a bá dé ibi ìdáríjì, màá pa ẹnu mọ́, màá tún dara pọ̀ mọ́ wọn níwájú. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò ọkọ Àǹtí mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Àǹtí mi, pé lọ́jọ́ kejì ọkọ rẹ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, kò sì dìde mọ́. Dókítà ní kí wọ́n má tíì sọ fún un. Wọ́n fẹ́ kí èmi tí mo jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá dúró tì í, kó má baà fura.

Kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ó ti kàn án. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá fi sọ ọ́, kí ó lè dùn ún bó ṣe dùn mí.

Nígbà tó rí mi lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó bú sẹ́kún. Ó ti rù. Ó béèrè bàbá àwọn ọmọ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi.

"Wọ́n ń kí yín, Àǹtí mi," ni mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ. "Fóònù wọn ló bàjẹ́."

Mo fún un ní ògì mu, mo rẹ́rìn-ín nígbà tó rẹ́rìn-ín, mo wá jáde lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta. Ọ̀sán kan péré lèmi ṣe é. Òun ṣe é ní Sátidé dé Sátidé, ó ń fọ aṣọ mi, ìyá tirẹ̀ náà ló kú, kò sì ríbi sunkún. Mi ò bi í léèrè rí pé báwo ló ṣe gbé e. Lórí bẹ́ǹṣì náà ni mo ti gba Àdúrà Olúwa, mi ò fo ibì kankan. Mo dárúkọ rẹ̀ níwájú Jésù, mo ní mo dárí jì í. Kò rọrùn. Mo tún un sọ. Ibi tó ń dùn mí ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó dun òun mọ́. Lẹ́yìn náà mo pe àbúrò ọkọ rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ ní ohun kan.

Lọ́jọ́ kẹta, dókítà ní ara rẹ̀ ti ń gbádùn, pé a lè sọ fún un. Mò ń ya irun rẹ̀ lọ́sàn-án, mi ò tíì mọ bí màá ṣe bẹ̀rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú.

"Mo mọ irọ́ yìí pa jù ọ́ lọ," ó ní. "Wọ́n ti kú, àbí?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Ṣé ẹ ti sin wọ́n?"

"Rárá, Àǹtí mi. Mo ti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n máa dúró títí ẹ ó fi lè dìde, kí ẹ lè fojú yín rí wọn."

Ó wò mí. Ó ní kí n dárí ji òun, mo ní mo ti dárí jì í. Nígbà tí ẹkún wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe ọkọ rẹ̀ ló ń pè. Màámi ló ń pè. Èmi náà ń pè wọ́n. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tí ìyá wa ti kú, ọjọ́ náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ sunkún wọn.