Delmar Kì í Rajà Láìgba Èènì

Ní Toledo, bí wọ́n bá ní "ọdún tí aago tán," kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ọdún wo. Ọjọ́ ìpín ni, ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà máa ń yan àwọn ọmọ tó ń jáde ní yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ tó bá ṣe burúkú jù lọ́dún tó kọjá ló sì ń kọ́kọ́ yàn. Àwọn Atukọ̀ Toledo, ẹgbẹ́ ìlú náà, wà nítòsí iwájú, nítorí ìyà tó jẹ wọ́n lọ́dún náà kò ṣeé fẹnu sọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún wọn láti dárúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́. Ṣùgbọ́n Delmar Stuckey, ọ̀gá tó ń bá wọn kó agbábọ́ọ̀lù jọ, ò dárúkọ ẹnì kankan. Ó wà lórí fóònù pẹ̀lú Harlan Tibbets, ọ̀gá irú tirẹ̀ ní Omaha, tó fẹ́ gba ipò ìyàn Toledo kó fi ipò tirẹ̀ méjì dí i. Ọjà náà dára, gbogbo yàrá ti ń rẹ́rìn-ín. Delmar ní kò tíì tó, kí Harlan fi èènì sí i.

Èènì tó ń béèrè ni ipò kan ní ìpele keje, ìpele tó kẹ́yìn pátápátá, níbi tó jẹ́ pé ìyá àwọn ọmọ tó ṣẹ́ kù nìkan ló mọ orúkọ wọn. Harlan búra pé òun ò ní fún un. Renata Kowalczyk, igbákejì Delmar, ń nàka sí aago títí ọwọ́ fi ń ro ó.

"Ọ̀gá, aago ń lọ."

"Jẹ́ kó máa lọ. Ṣé èmi ni mo rán an níṣẹ́?"

Aago tán. Bí òfin ṣe wí, ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn wọn sáré kọjá wọn, ó sì mú ọmọ tó wù ú. Àwọn èèyàn tó wà ní gbọ̀ngàn hó lé Toledo lórí. Àmọ́ Harlan ni jìnnìjìnnì bá jù, nítorí bí ẹlòmíràn bá tún sáré kọjá, ọmọ tó ń fẹ́ ti lọ nìyẹn. Ó kígbe pé kí Delmar gba èènì náà, kí èènì náà pa á. Delmar dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọmọlúàbí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó fi èènì yẹn mú Wendell Ochs, ọmọ kan tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó sì ju bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn fún ẹni tó máa gbá a. Àwọn oníròyìn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n. Àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n yàn lọ́dún náà ti gbàgbé ibi tí wọ́n ń kó bàtà sí báyìí, Wendell ṣì ń bẹ̀rẹ̀ ní Toledo.

Ìtàn yìí ni Renata ń sọ nínú yàrá ìpín lọ́dún yìí kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, kò sì balẹ̀. Delmar ti kú. Bertrand Oglesby, olówó táyà tó ni ẹgbẹ́, ti là á mọ́lẹ̀ fún Renata pé ìpín yìí ni ìdánwò rẹ̀. Bó bá dójú ti àwọn, òun á lọ gbé ọmọkùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà yan agbábọ́ọ̀lù wá gba ipò ọ̀gá. Gbogbo ohun tí Renata fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ wà lórí tábìlì ọjọ́ náà.

Kí ló sì kọ́? Èké ni, kí a má parọ́. Ṣé ti Isaiah Broadnax la fẹ́ sọ ni, òkìtì èèyàn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù? Àdéhùn rẹ̀ ti tán níbi tó wà, ó lómìnira láti lọ síbi tó wù ú. Ó wá wo Toledo, ó sì ní ìwé ọkọ̀ òfuurufú Florida nínú àpò. Nínú iṣẹ́ yìí, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti wọkọ̀ lọ wo ẹgbẹ́ mìíràn, o ti pàdánù rẹ̀. Ni Delmar bá ní òun fúnra òun á fi ọkọ̀ gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Renata wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Delmar ṣìnà nínú ìlú tí wọ́n bí i sí. Ó yí po odò, ó yí po ilé ìkóùnjẹpamọ́, ó tún padà.

"Bàbá," ni Isaiah wí, "a ti kọjá ilé ẹlẹ́ja yìí rí."

"Ebi ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ máa rí i. Ẹ jẹ́ ká wọlé."

Wọ́n ń jẹ ẹja díndín adágún Erie lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Florida kọjá lórí wọn. Isaiah gbójú sókè wò ó títí ó fi wọ inú àwọsánmà.

"Ẹ mú bírò wá," ló wí. "Ẹni tó lè sọnù nínú ìlú bàbá rẹ̀ torí tèmi, ó fẹ́ràn mi."

Delmar gbé ìwé àdéhùn ọdún mẹ́rin síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ẹlẹ́ja, ó ní kó fi ẹja kan ṣe èènì, ó ṣe tán òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mú oníbàárà ọdún mẹ́rin wá fún un ni. Ẹlẹ́ja wo bí Isaiah ṣe tóbi tó, ó sì fún un.

Nígbà tí dókítà sọ fún Delmar pé ọkàn rẹ̀ ti gbó, pé kò dájú pé ó máa rí ìgbà ìrúwé, Renata ló jókòó tì í. Delmar ní ó dára, àmọ́ kí dókítà fi ọjọ́ ìpín ṣe èènì fún òun.

"Bàbá, èmi kọ́ ni mò ń tajà yìí."

"Ẹ pe ẹni tó ń tà á. Ẹ ní mò ń dúró lórí fóònù."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó sì jáde lọ nu ojú rẹ̀. Delmar kú nínú oṣù kẹta, ìpín ku díẹ̀. Ìyẹn nìkan ni ọjà tó ná tí wọn ò fi nǹkan kan lé e.

Nísinsìnyí aago Toledo ti ń lọ, fóònù sì dún. Harlan Tibbets ni, ó ti darúgbó, ó ṣì wà ní Omaha. Ó fẹ́ gba ipò wọn, ó máa fi méjì dí i. Oglesby ń mi orí pé kó gbà á kíá. Renata la ẹnu láti ní ó dára, ohun tó jáde yàtọ̀.

"Kò tíì tó. Ẹ fi ìpele keje sí i."

Oglesby dìde dúró.

"Renata, wo aago," ni Harlan wí.

"Mo rí i. Èmi kọ́ ni mo rán an níṣẹ́."

Renata gbọ́ tí Harlan ń fọnmú lórí fóònù.

"Látìgbà tí wọ́n ti sin ín, kò sẹ́ni tó tíì rẹ́ mi jẹ dáadáa," ló wí. "Mú un. Àtàárọ̀ ni mo ti yà á sọ́tọ̀ fún ọ."

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ kí aago tó tán. Oglesby jókòó padà, ó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìpele keje ṣe. Renata ní ẹ̀yìn ti ń dun Wendell, wọ́n nílò ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n bẹ̀rẹ̀. Oglesby wò ó títí, ló bá ní kó kó ẹrù rẹ̀ wọ ọ́fíìsì Delmar lọ́la.

Ẹja díndín ni wọ́n rà wá sí yàrá. Nígbà tí wọ́n pín in, ẹyọ kan lé, ẹlẹ́ja ló fi sí i, kò sẹ́ni tó ní kó fi sí i. Renata gbé e síwájú àga Delmar. Ó rẹ́rìn-ín, omi sì dà lójú rẹ̀, torí ó mọ̀ pé ká ní bàbá náà wà níbẹ̀ ni, á ní kò tíì tó.