Ìyàwó Mi Kò Mọ Irun Dì

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: ìyàwó mi, Monílọ́lá Akíntóyè, kò mọ irun dì. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi gbẹ̀bí fún àwọn obìnrin Oǹdó kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹni tó ráhùn ọwọ́ rẹ̀ nídìí iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bó bá fi ooyà kan orí ènìyàn, bí adìyẹ tí òjò pa ni olúwarẹ̀ yóò ṣe jáde. Síbẹ̀, pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ wa tí a kọ "A Ń Dirun Níbí" sí. Èmi gan-an ni mo kọ ọ́, nítorí tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, lẹ́tà mi sì dára.

Ohun tó fà á nìyí. Nígbà tí Monílọ́lá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ yàrá kan tí àwọn obìnrin tí oyún bàjẹ́ mọ́ lára, tàbí tí wọ́n bí ọmọ ní òkú, yóò ti máa jókòó sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣebí ṣọ́ọ̀ṣì wà." Ó ní bí wọ́n bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á kàn ní omi ló dànù, agbè ò fọ́, wọ́n á sì ní kí obìnrin náà wá bá wọn gbálẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bó ṣe gba pálọ̀ mi nìyẹn. Wọ́n gbé àga mi lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ibẹ̀ ni mo sì wà láti ọjọ́ náà, èmi àti ìjàlọ.

Oṣù mẹ́ta gbáko, ẹnì kankan kò wá. Ta ló fẹ́ kí ìyá ọkọ òun rí òun lẹ́nu ọ̀nà irú ilé bẹ́ẹ̀? Àwọn ènìyàn wa kì í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn síta. Wọ́n á ní ara lágbájá kò yá, wọ́n á sì yáa béèrè iye tí wọ́n ń ta gàrí. Ìgbà náà ni Monílọ́lá ronú kan irun. Obìnrin tó bá ń dirun lè jókòó fún wákàtí mẹ́ta láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè ohun tó ń ṣe, kò sì ní máa wojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ ju bí a ti rò lọ. Àní wọ́n ń gun ọ̀kadà láti Bọ́lọ́rundúró wá. Irun náà nìkan ni kò ṣiṣẹ́. Ṣùkú tó yẹ kó parí sí àárín orí a máa parí sí ẹ̀gbẹ́ etí. Nígbà tó yá, gbogbo ọjà ti mọ̀ ọ́n. Bí obìnrin kan bá dé ọ̀dọ̀ àwọn aláta tí irun orí rẹ̀ wọ́, wọn kò ní bi í ní nǹkan kan. Wọ́n á kàn bu èènì rẹpẹtẹ lé tirẹ̀. Ìyàwó pásítọ̀ kan ṣèèṣì yà kó wá dirun lóòótọ́. Ìbínú ló bá jáde, èènì ata ló sì ń gbà fún odidi ọ̀sẹ̀ kan láìmọ ìdí rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá la gbọ́ pé ìjọba ti ya owó sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Bí a bá rí i gbà, wọn yóò fi gba Precious, ọmọbìnrin kan tó kọ́ nípa ìtùnú àti ìmọ̀ràn ní yunifásítì, wọn yóò sì ṣí yàrá mìíràn sí Bọ́lọ́rundúró, kí àwọn obìnrin tí ara wọn kò tíì jiná má gun ọ̀kadà lójú ọ̀nà oko yẹn mọ́. Bí a kò bá rí i gbà, Monílọ́lá yóò ti ilẹ̀kùn, nítorí orúnkún rẹ̀ ti kọ̀ fún un. A kọ̀wé. Wọ́n ní ẹnì kan ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ wá wo ibẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Silas Adédèjì ni wọ́n rán, ọmọ Àkúrẹ́ gidi, ó ti Alágbàka, níbi ọ́fíìsì ìjọba, wá pẹ̀lú fáìlì lábíyá.

"Bàbá, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ṣé ulé Nọ́ọ̀sì Akíntóyè nìyí?"

"Òun ni."

Ó wo pátákó. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. "Uṣẹ́ ìjọba ni mo bá wá o. Wọ́n ní ibi ìtùnú ni."

"Ẹ wọlé," ni mo wí, mo sì tẹ̀ lé e, nítorí pálọ̀ mi ṣá ni.

Obìnrin mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Silas kí wọn, ó ṣí fáìlì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ṣé ẹ wà lára àwọn tí... tí nǹkan náà..." Ó húkọ́.

"Irun ni mo wá dì, sà," ni ẹni àkọ́kọ́ wí.

"Èmi náà," ni ẹnì kejì wí. "Wọ́n ní Nọ́ọ̀sì mọ irun dì gan-an ni."

Silas wo orí rẹ̀. Ẹnì kẹta ní ẹnì kejì lòun sìn wá.

Monílọ́lá dúró, ooyà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé òun kò ní tú àṣírí wọn, kò sì lè tú u nítorí owó. Ó dùn mí wọnú egungun.

"Mà, ẹ má bínú," ni Silas wí. "Ohun tí mo bá rí ni mo gbọ́dọ̀ kọ. Onídìrí ni mo sì rí, onídìrí tí kò..." Ó fi ìyókù sínú, ó pa fáìlì dé.

"Ẹ dúró, sà."

Ẹnì kẹrin ló sọ̀rọ̀, Fọlákẹ́mi, ará Bọ́lọ́rundúró. Ó ti ń wá sọ́dọ̀ wa fún oṣù mẹ́jọ, kò sì sọ ju "Ẹ má fà á jù" lọ rí. Ó dìde pẹ̀lú ìdajì irun ní dídì, ìdajì kejì dúró gan-an lórí rẹ̀.

"Ẹ kọ tèmi. Fọlákẹ́mi Ògúnníyì."

Silas jókòó padà. Ó kọ orúkọ, ó kọ ìlú, ó wá ka ìlà tó kàn nínú fọ́ọ̀mù náà: "Ọmọ mélòó?"

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ; ìjọba nìkan ni kò mọ̀. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé kò sí ọmọ nílé Fọlákẹ́mi.

"Mẹ́ta," ló wí.

"Ṣé wọ́n ti ń lọ sílé ìwé?"

"Rárá, sà. Ọ̀kan lo oṣù mẹ́rin. Ọ̀kan lo oṣù márùn-ún. Ẹnì kẹta pé oṣù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ké."

Bírò dúró lọ́wọ́ Silas. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mà. Omi ló..." Monílọ́lá na ooyà sí i, Silas sì gbé ìyókù mì. Ó kọ mẹ́ta.

Ẹni àkọ́kọ́ ní kó kọ méjì fún òun. Ẹnì kejì ní méjì. Ẹni tó ní òun sin èèyàn wá ní, "Ọ̀kan ni tèmi," ó sì bú sẹ́kún. Bí a ṣe rí owó gbà nìyẹn. Precious ti wà ní Bọ́lọ́rundúró báyìí, ó sì mọ irun dì dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláta ò mọ ẹni tí wọn yóò bu èènì fún mọ́.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, Silas bá mi lábẹ́ máńgòrò kó tó lọ. Ìwé kan kù, ti onílé.

"Bàbá, ọmọ mélòó lẹ̀yin bí?"

Mẹ́rin ni mo máa ń sọ. Ọdún méjìlélógójì ni mo ti ń fo ọ̀kan nínú kíkà. Ìyàwó mi sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Èyí àkọ́kọ́ ò ké. Àwọn àgbà obìnrin ló gbé e lọ, wọn kò jẹ́ kí a bá wọn dé ibi tí wọ́n sin ín sí, lọ́jọ́ kejì mo lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. A kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà sétí ara wa mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

"Márùn-ún," ni mo wí.

Monílọ́lá rọra sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú orúnkún rẹ̀, ó jókòó tì mí.

"Obìnrin ni," ló wí.

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.