Awò Alámì Pupa Mẹ́ta Lórí Ìbọn Kan

Irọ́ pípa kì í ṣe nǹkan tuntun lẹ́nu mi, n kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ fífọ bọ́ọ̀sì ni àga kan ti wà fún mi ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Rye Lane, nílùú òyìnbó níbí. Kì í ṣe nítorí irun, orí mi ti dán bí ìdí ìkòkò tuntun. Nítorí ìtàn ni. Níbẹ̀ ni mo ti sọ fún wọn pé ọta kan ṣoṣo ni mo fi pa awó méjì, tí ìkẹta tó dúró tì wọ́n sì kú fún ìpayà. Níbẹ̀ ni mo ti sọ̀rọ̀ ẹfọ̀n tó gbé ọta mi sá kọjá òkè méje, tó sì padà wá lọ́jọ́ kejì láti bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ ẹ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, onígbàjámọ̀ á ní kí orí tó wà lọ́wọ́ òun jọ̀ọ́ dúró sójú kan.

Alájì ló bà á jẹ́. Aránṣọ ni kó tó fẹ̀yìn tì, ẹgbẹ́ mi ni, a sì ti jọ ń bú ara wa láti ìgbà tí eyín wa ṣì pé. Lọ́jọ́ yẹn, ìtàn ẹfọ̀n ni mo wà nínú rẹ̀, ó kàn gbójú sókè nínú bébà tó ń kà.

Ó ní, “Ìwọ ọkùnrin yìí, o ò gbé ìbọn rí láyé rẹ. Bàbá rẹ gan-an, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni.”

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà yanu láti rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò jáde. Nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ níbẹ̀, ẹyọ òtítọ́ kan ló wà nínú rẹ̀: ọdẹ ni bàbá mi, mo sì bá a rìn nínú igbó títí mo fi hu irùngbọ̀n. Ibo ni òpùrọ́ ti máa rí ẹlẹ́rìí sí òtítọ́ kan ṣoṣo tó ní? Bàbá ti kú. Àwọn tó jẹ ẹran tó pa ti kú. Èmi nìkan ló kù, ẹnu tèmi sì ti purọ́ títí tí kò fi mú mọ́.

Mo ní, “Alájì, irọ́ tèmi ni, fi sílẹ̀ fún mi. Má fi bàbá mi kún un.”

Ó ní kí n fi hàn án nígbà náà. Mo ní ó dáa. Mo ní ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, kó tẹ̀ lé mi lọ síbi tí mo ti ń yìnbọn. Ọta márùn-ún, káàdì tí kò ju àwo ife tíì lọ. Bí mẹ́ta kò bá wọlé, màá dìde lórí àga yẹn, màá fẹnu ara mi pe ara mi ní ọmọ àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́. Gbogbo wọn gbọ́ ọ.

Ibi tí mo ti ń yìnbọn kì í ṣe irọ́. Ẹgbẹ́ kan ni, wọ́n ní pápá lẹ́yìn ìlú. Màá wọ bọ́ọ̀sì dé Lewisham, màá wọ rélùwéè níbẹ̀. Ìbọn afẹ́fẹ́ la ń yìn, èyí tí kò lágbára débi tó máa gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ yìí. Ọta rẹ̀ kò ju hóró bàbà lọ. Ìyá òyìnbó kan tó ti dàgbà ló ń darí wa, ohùn rẹ̀ le, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n.

Ojú ló dà mí. Irin méjì ló wà lórí ìbọn yẹn, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú, ẹni tó ń yìn ín gbọ́dọ̀ to méjèèjì mọ́ káàdì, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lórí ìlà bí ọmọ iléèwé. Ojú mi kò lè to mẹ́ta mọ́. Bí mo bá rí irin ẹ̀yìn, ti iwájú á di èéfín. Bí mo bá rí ti iwájú, káàdì á di ìkùukùu. Ìyá òyìnbó ní kí n ra awò kékeré tó ní iná, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ orí ìbọn. Ó ní bí mo bá wo inú rẹ̀, màá rí àmì pupa kan bí ẹyín iná, ibi tí àmì náà bá bà lé ni ọta ń lọ. Kò sí pé à ń to nǹkan kan mọ́ nǹkan kan. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò ti sọ tipẹ́.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Géńdé onírùngbọ̀n kan ló ń tà á, ìbéèrè rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àwọn tó ń fúnni ní físà lọ. Ṣé èyí tó rí bí ọ̀pá ni mo fẹ́ ni, àbí èyí tó rí bí fèrèsé? Ṣé kí àmì rẹ̀ tóbi ni, àbí kó tíntín? Ṣé ojú irin tí wọ́n ń de awò mọ́ lórí ìbọn mi fẹ̀ ni, àbí ó tóóró? Ìwé kẹta ni mo kà dé kí n tó lọ kọ́ṣẹ́, wọn kò kọ́ wa ní èyí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ kì í sọ pé òun kò mọ ìbọn òun. Mo ní ó fẹ̀.

Ó tóóró. Nígbà tí mo dé pápá, ẹsẹ̀ awò náà fẹ̀ jù ú lọ bí ìgbà tí bàtà bàbá wà lẹ́sẹ̀ ọmọ, ó ń yọ̀ síhìn-ín, ó ń yọ̀ sọ́hùn-ún. Sátidé kan lọ nínú ìyẹn. Mo gbé e padà, mo ní wọ́n gbé èyí tí kò dáa fún mi. Géńdé náà wò mí, ó pààrọ̀ rẹ̀.

Ìkejì ni onífèrèsé, mo sì ní kí àmì rẹ̀ tóbi jù lọ, nítorí ojú àgbà. Ẹ gbọ́ o, àmì yẹn gun orí káàdì, ó bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Mo ń yìn ohun tí n kò rí. Mo tún fi iná rẹ̀ sí ibi tó mọ́lẹ̀ jù, ó bú jáde bí oòrùn òwúrọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, mo wo inú rẹ̀, òkùnkùn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó ní ibi tí wọ́n ti ń pa á, láti Sátidé dé Sátidé ló ti ń jẹ bátìrì nínú àpò mi. Ìwé tó bá a wá wà ní èdè mẹ́jọ, kò sí tiwa níbẹ̀.

Ìkẹta ni mo fi gbà pé mo ti gbọ́n. Ẹsẹ̀ tóóró, àmì tíntín, iná tí kò pọ̀. Ó dúró lórí ìbọn bí ẹni pé wọ́n bí wọn pọ̀. Àmì pupa wà láàárín káàdì, mo rí i kedere. Mo yìn ín. Ọta lọ sókè. Mo tún un yìn, ó lọ sí òsì. Ìkẹta kan férémù. Mo mú irin ìtú-ìṣó kékeré, mo yí ìṣó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo yí ti orí rẹ̀, títí ọwọ́ fi ń ro mí.

Ìyá òyìnbó gba káàdì náà lọ́wọ́ mi. Ó ní bí awò bá ṣì lọ́nà, gbogbo ihò á kóra jọ síbi kan tí kò yẹ. Tèmi ti fọ́n ká bí àgbàdo tí wọ́n dà sílẹ̀. Ó ní kì í ṣe awò. Inú bí mi. Mo ní awò yẹn ti mutí ni.

Báyìí ni Sátidé tí mo dá fún Alájì ṣe pé. Ó tẹ̀ lé mi pẹ̀lú kóòtù onírun rẹ̀, ó jókòó sórí àga ike lẹ́yìn ìlà tí wọ́n fi ń dáàbò bo èèyàn, ó kó ọwọ́ lé ikùn. Mo kí àmì pupa nínú ọkàn mi. Mo yìn márùn-ún. Ọ̀kan wọlé. Ọ̀kan bá igi. Ọ̀kan bá káàdì ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọkùnrin náà sì dúpẹ́. Méjì yòókù, a kò mọ ibi tí wọ́n sùn sí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú awò yẹn kí n lè jù ú sínú igbó. Alájì dìde, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá òyìnbó, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní kí n tún ẹyọ kan yìn. Mo ní ṣé kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn ni. Ó ní kí n ṣá yìn ín. Mo yìn ín. Kò tilẹ̀ wo káàdì. Ojú mi ló ń wò.

Ó ní, “Ta ló kọ́ ẹ láti máa dijú?”

Mo ní n kò dijú.

“O dijú. Bí ìka rẹ bá ti ń fà á, ojú méjèèjì á pa dé, wàá sì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kúrò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àbúrò ìyá mi ní Ṣakí ṣe máa ń ṣe. Ṣakabùlà ló fi ń dẹ̀gbẹ́.”

Mo gbé ìbọn sílẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ṣakabùlà, ìbọn alágbẹ̀dẹ ni, ẹ̀tù rẹ̀ máa ń gbiná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹni tó ń yìn ín gan-an. Ẹni tí kò bá dijú, ojú rẹ̀ lọ. Bàbá mi máa ń gbé ìbọn tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ fún mi lẹ́yìn ilé wa, bí mo bá fà á tí ojú mi kò pa dé, ìgbátí ni. Ó kọ́ mi títí ojú mi fi mọ̀ ọ́n láìbi mí.

Alájì yọ fìlà. Ó ní, “Àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ kò kọ́ ọmọ ní èyí. Ọmọ ọdẹ ni ẹ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá rẹ.”

Ó sì sọ bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ní gbangba, ó tilẹ̀ fi ojú dídì náà hàn wọ́n. Wọ́n gbà á gbọ́. Orúkọ bàbá mi mọ́, èmi ni n kò mọ ibi tí màá fojú sí: wọ́n gbà pé ọdẹ ni mí nítorí pé n kò lè yìnbọn.

Ìyá òyìnbó ti fún mi ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìbọn òfìfo, ojú méjèèjì ní ṣíṣí, ogún ìgbà lọ́jọ́. Mo ń ṣe é. Mo bú ojú mi, mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣàlàyé fún un pé kò sí ẹ̀tù, kò sí iná, afẹ́fẹ́ lásán ni. Bí mo bá ti fà á báyìí, ó pa dé. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ló ṣì ń gbọ́, kò tíì gbọ́ tèmi.