Ẹ Má Mí Sórí Àjàdí

Títí dòní, tẹ́ ẹ bá dárúkọ Mísítà Julius Ọdẹ́tọ́lá ní Ṣàṣà, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín ni ọjọ́ tó lé àkàrà. Kì í ṣe pé ebi ń pa á o. Ọkùnrin kan ló ra àkàrà tiẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó ti ń wọ mọ́tò Akówonjo, ni Mísítà Ọdẹ́tọ́lá bá rí ìwé tí wọ́n fi wé e. Àgbàlagbà tó ti ń gba pẹ́ńṣàn! Ó ká ṣòkòtò sókè, ó sá tẹ̀lé mọ́tò, ó ń pariwo, "Ẹ dì í mú! Ẹ má jẹ́ kó fún un pa!" Àwọn èèyàn rò pé gbọ́mọgbọ́mọ ni. Wọ́n dá mọ́tò dúró, wọ́n fa ọkùnrin yẹn bọ́ sílẹ̀, tòun ti ẹ̀rù, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, àkàrà wà ní ọwọ́ kan.

Mísítà Ọdẹ́tọ́lá ṣí fìlà orí ẹ̀, ó da àkàrà sínú ẹ̀, ó gbé e fún un. Ó wá tú ìwé yẹn palẹ̀. Ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó gbóòórùn ẹ̀. Epo ti mu ún dénú. Ló bá pa á dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń pa ojú òkú dé, ó ní, "Máa lọ. Ó ti kú kí n tó dé." Ó ti dé ilé ní Ẹ̀gbẹ́dá kó tó rántí pé fìlà òun ti bá àkàrà lọ sí Akówonjo.

Ọwọ́ Mọ̀dínátù ni ìwé yẹn ti jáde. Ìwé àlòkù ni Mọ̀dínátù ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ṣàṣà: ìwé ìròyìn, ìwé ọ́fíìsì, ìwé ọmọ iléèwé, gbogbo ẹ̀ ló ń wọ̀n lórí òṣùwọ̀n fún oníàkàrà, ẹlẹ́pà àti onísúyà. Lẹ́tà tó mọ̀ ò ju èyí tó wà nínú orúkọ ara ẹ̀ lọ. Lójú tiẹ̀, oríṣi ìwé méjì ló wà láyé, èyí tó gbẹ àti èyí tó tutù. Èyí tó tutù máa ń wúwo lórí òṣùwọ̀n, ìyẹn ló sì fẹ́ràn jù.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gbẹ́ni yìí dé, kò dé fìlà.

"Ṣé ìwọ lò ń ta ìwé fún oníàkàrà yẹn?"

Ará Èkìtì ni. Kò sẹ́ni tí kì í pè ní "ìwọ". Onílé ẹ̀ gan-an, ìwọ ni. Mọ̀dínátù wò ó látòkè délẹ̀.

"Èmi ni. Kí ló dé? Ṣé àkàrà ọ̀hún pa èèyàn ni?"

"Ó pa Àjàdí."

"Yéè! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Mọ̀dínátù ti káwọ́ lérí. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Ọmọ yín ni?"

Ìgbà tí Mọ̀dínátù bú sẹ́kún tán ni ọkùnrin yìí wá ń ṣàlàyé fún un pé Àjàdí Ẹlẹ́sẹ̀ Iná, inú ìwé àwòrán ló ń gbé. Pé ó máa ń sáré débi pé òjìji ẹ̀ á máa bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Mọ̀dínátù nu ojú. Ó ní kó dá omijé òun padà.

Mísítà Ọdẹ́tọ́lá ti kúnlẹ̀ sórí ẹrù ìwé, ó ń wa nǹkan bí adìyẹ. Nígbà tó máa dìde, ìwé Àjàdí méjì ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀kan ti já lẹ́yìn, ó rún bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Èkejì mọ́ tónítóní, etí ẹ̀ ṣì mú. Mọ̀dínátù dá iye kan náà lé méjèèjì.

"Rárá o," ni Mísítà Ọdẹ́tọ́lá wí. "Èyí tó rún yìí, owó ẹ̀ ti pọ̀ jù. Àmọ́ èyí tó mọ́ yìí, ìlọ́po mẹ́wàá ni màá san."

"Ṣé ìwé kan náà kọ́ ni?"

"Òun ni."

"Àwòrán inú ẹ̀ ńkọ́?"

"Kò yàtọ̀."

"Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ńkọ́?"

"Bákan náà ni."

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

Mísítà Ọdẹ́tọ́lá jókòó sórí páálí, ó ní kí Mọ̀dínátù náà jókòó. Wọ́n ti sọ fún un lọ́jà pé Wàsílátù lorúkọ ọmọ obìnrin yìí. Ó ní, "Ìyá Wàsílátù, nígbà tí ìwé yìí jáde, gbogbo èèyàn ló rà á. Ẹni tó rà á á kà á, á yá aládùúgbò. Aládùúgbò á gbé e fọ́mọ, ọmọ á ká a sẹ́yìn, á fi itọ́ ṣí i. Ìyá ọmọ á já ewé kan nínú ẹ̀ fi dáná. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á dé ọ̀dọ̀ ẹ, ó di ọ̀dọ̀ oníàkàrà. Bí ìwé bá ṣe dùn tó ni wọ́n ṣe ń tètè pa á. Èyí tó wá bọ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, tí kò ní egbò kankan lára, ṣé owó yẹpẹrẹ ni kí wọ́n fi rà á ni?"

Mọ̀dínátù ronú sí i. "Ẹ ní bí mo ṣe ń tà á fún oníàkàrà yìí, èmi gan-an ni mò ń jẹ́ kó wọ́n?"

"Ìwọ ni."

"Ẹ yáa fi kún owó mi nígbà náà, jàre."

Bó ṣe di oníbàárà ẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí ẹrù tuntun bá dé, á ti jókòó sórí páálí yẹn, á máa ṣí ìwé bí ẹni tó ń ṣí aṣọ lára ọmọ tó ń sùn. Tí Mọ̀dínátù bá ju nǹkan, ọkùnrin yìí á pariwo, "Rọra!" Ó ti pẹ́ tó ti kú o, àmọ́ páálí kan ṣì wà níbi ìsọ̀ yẹn tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó lé. Tí alábàárù bá da ẹrù sílẹ̀ gbàà, Mọ̀dínátù á ti dúró díẹ̀, á máa retí ẹni tó máa sọ pé "Rọra!"

Ohun tó so àwọn méjèèjì pọ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù. Obìnrin yìí ti rí i pé bí ìwé bá ṣe rún sí ni owó ẹ̀ ń já sí. Ó ní ṣé ìyẹn náà ni ìṣòro? Ó kó ìdì Àjàdí kan lọ sílé. Ó fi àkísà olómi ọṣẹ nu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó fi sísọ́ọ̀sì gé etí tó ti jẹ. Ó da ẹ̀yinná sínú áyọ́ọ̀nù, ó tẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi dúró gbagidi bí kọ́là ọrùn aṣọ pásítọ̀. Ó wá fi ìwé kàlẹ́ńdà wé wọn lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe máa ń wé ìwé ọmọ iléèwé, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ó tò wọ́n síwájú ìsọ̀, ó ń dá rẹ́rìn-ín.

Mísítà Ọdẹ́tọ́lá dé. Ó mú ọ̀kan, ó ṣí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni! Ẹ ò rí i bó ṣe ń dán?"

"Ìyá Wàsílátù. Iná ti jó Àjàdí nímú."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹlẹ́sẹ̀ iná ni?"

Gbogbo ará ìsọ̀ rò pé á bú obìnrin yìí. Àmọ́ èjìká ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó sì ra gbogbo ẹ̀, ní iye èyí tó mọ́. Ó ní látìgbà tí Olúrẹ̀mí ti kú, kò tíì sẹ́ni tó fi áyọ́ọ̀nù kan nǹkan òun.

Ọjọ́ yẹn ló sọ ohun tó ń wá fún un. Olúrẹ̀mí ìyàwó ẹ̀, àtìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra ni wọ́n ti jọ ń ka Àjàdí. Ìwé kan wà nínú àwọn ìwé Àjàdí tó pa obìnrin yẹn lẹ́rìn-ín débi pé ó ṣubú láti orí bẹ́ńṣì. Wọ́n yá ará ilé ní ìwé yẹn, ará ilé náà yá ẹlòmíì, kò padà wá mọ́. Àtìgbà tí ìyàwó ẹ̀ ti kú ló ti ń wá a. Ó ti rí i lóríṣiríṣi, àmọ́ ewé tó pa Olúrẹ̀mí lẹ́rìn-ín gan-an ni kì í sí níbẹ̀. Ewé tó dùn jù ni gbogbo èèyàn máa ń já.

"Mo ti ń gbàgbé bó ṣe ń rẹ́rìn-ín," ló wí. "Tí mo bá rí ewé yẹn bó ṣe wà lọ́jọ́ yẹn, tí ò sí egbò lára ẹ̀, màá gbọ́ ọ."

Mọ̀dínátù ò fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Látọjọ́ yẹn, kò ta ìwé àwòrán kankan fún oníàkàrà mọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Festus. Ọmọkùnrin kan ni Festus, láti Sùúrùlérè, òun náà ń kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ. Ó wá wo ìwé Mísítà Ọdẹ́tọ́lá ní Ẹ̀gbẹ́dá, Mọ̀dínátù wà níbẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ni àwọn ìwé ń gbé, nínú náílọ́ọ̀nù, lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ni wọ́n ń sùn lórí ẹní, ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́. Ó ní kí Festus lọ fọ ọwọ́. Ó fọ̀ ọ́. Ó ní kó lọ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní kó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì torí òógùn. Festus bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó wá tẹ orí sílẹ̀ kó wò ó.

"Ọ̀gbẹ́ni! Má mí sórí Àjàdí!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni kí n wá mí sí?"

"Ojú fèrèsé nìyẹn."

Bí Festus ṣe ń ka ìwé nìyẹn, á wo ojú ewé kan, á sáré lọ mí lójú fèrèsé, á tún padà wá. Mọ̀dínátù rẹ́rìn-ín débi tóun náà fi ní láti jáde síta, kó má baà mí.

Ọdún tí wọ́n fagi lé ìbò ni àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Mísítà Ọdẹ́tọ́lá. Kò lè wá sí Ṣàṣà mọ́. Ní àsìkò yẹn gan-an ni ìdílé kan ń kó kúrò ní Gowon Estate, wọ́n pe Mọ̀dínátù kó wá kó ìwé àlòkù. Nínú àpótí páànù kan tí wọn ò ṣí láti ọdún gbọ́nhan, Àjàdí wà níbẹ̀. Ọba wà lẹ́yìn ẹ̀, ewúrẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba. Àwòrán iwájú ìwé yẹn ni Mísítà Ọdẹ́tọ́lá ti júwe fún un títí ó fi há sí i lórí.

Mọ̀dínátù ò ṣí i. Kò nù ún. Kò tiẹ̀ mí. Ó fi páálí méjì há a láàárín, ó fi gèlè orí ẹ̀ dì í. Kò sí epo nílùú, kò sí mọ́tò lójú títì. Láti Gowon Estate dé Ẹ̀gbẹ́dá, ẹsẹ̀ ló fi rìn, ó gbé e sí àyà bí ọmọ ìkókó. Obìnrin kan lójú ọ̀nà tiẹ̀ kí i pé ó kú ewu ọmọ. Ó ní, "A dúpẹ́ o."

Mísítà Ọdẹ́tọ́lá wà lórí ẹní, ó ti rù. Ó rí i tó tú gèlè.

"Ṣé o ti tẹ̀ ẹ́ ní áyọ́ọ̀nù?"

"Ẹ ò ní í yéé fèèyàn ṣẹ̀fẹ̀! Ẹ ṣí i o jàre."

Ó ṣí i díẹ̀díẹ̀. Ewé yẹn wà níbẹ̀. Àjàdí ti jí ewúrẹ́ gbé, ó fi agbádá bò ó, ó lọ kí ọba. Ewúrẹ́ wá yọ orí jáde lọ́rùn agbádá, ó ń jẹ irùngbọ̀n ọba. Ọba ní, "Àjàdí, ta nìyí?" Àjàdí ní, "Kábíyèsí, àna mi ni." Mísítà Ọdẹ́tọ́lá kà á sókè fún Mọ̀dínátù, ohùn ẹ̀ ti rẹlẹ̀, àmọ́ nígbà tó dé ibi àna, Mọ̀dínátù bú sẹ́rìn-ín, ó gbàgbé ara ẹ̀, ó fi àtàńpàkò tẹ ewúrẹ́ ọ̀hún. Ìpékeré ló sì ti ń jẹ bọ̀ lọ́nà. Àmì àtàńpàkò ẹ̀ jókòó sórí ewé yẹn, ó ń dán fún epo.

"Yéè! Mo gbé o! Mo ti bà á jẹ́!"

Ọkùnrin yìí wo àmì yẹn títí. Ó ti dijú díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan láti iyàrá kejì. Ó ní, "Bí Olúrẹ̀mí ṣe rẹ́rìn-ín nìyẹn. Bó o ṣe rẹ́rìn-ín yìí gan-an." Ó na ọwọ́ sí náílọ́ọ̀nù ìpékeré, ó fi àtàńpàkò tiẹ̀ ra epo ibẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Mọ̀dínátù.

"Kí tìẹ má baà dá wà," ló wí.

Kò pẹ́ sí i tó fi kú. Àwọn ẹbí ẹ̀ láti Èkìtì ta ìwé tó kù fún Festus, wọ́n sì fi èyí sílẹ̀ fún Mọ̀dínátù, torí ohun tó sọ kó tó kú nìyẹn. Festus wá bá a ní Ṣàṣà. Ó ní tí ìwé yẹn bá mọ́, owó tó máa ra fíríìsà lòun máa san. Mọ̀dínátù ṣí i fún un. Festus rí epo.

"Háà, Ìyá! Ta ló ṣe irú ìkà yìí? Pẹ̀lú àtàńpàkò méjì yìí, kò lè ra fáànù mọ́!"

"Ọ̀kan tèmi, ọ̀kan ti Mísítà Ọdẹ́tọ́lá."

"Irọ́ ni. Ọkùnrin tó ní kí n má mí?"

"Òun ni, jàre."

Festus ní, "Ẹ ò ní í tà á fún mi, àbí?" Mọ̀dínátù ní ká ní ó mọ́ ni, bóyá òun ì bá tà á. Festus wá ní ṣóun lè wo ewé yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mọ̀dínátù ní kó kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́.

Tó bá di ọjọ́ tí ọjà ò yá, Mọ̀dínátù máa ń gbé ìwé yẹn jáde. Kò mọ̀ ọ́n kà títí dòní, àmọ́ ó mọ ibi tí ọba ti ń bèèrè, ó mọ ibi tí Àjàdí ti ń fèsì, ohùn tó ń kà á fún un sì ni ti ará Èkìtì. Á rẹ́rìn-ín dáadáa. Tí ẹ̀rín bá wá fẹ́ di nǹkan míì, á tètè yí ojú síta ìsọ̀, sọ́nà Ẹ̀gbẹ́dá, torí omi lomijé, Mísítà Ọdẹ́tọ́lá ò sì fẹ́ omi nítòsí Àjàdí.