Ojúhò Abẹ́ Fẹ́ńsì

Ní àdúgbò wa ní Igbó-Elérin, ẹni tó bá mọ fẹ́ńsì gbọ́dọ̀ fi ojúhò sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ kí omi òjò lè rí ọ̀nà lọ. Ẹni tó bá dí i, omi á ya wọ ilé aládùúgbò rẹ̀, ìjà dé nìyẹn. Ìyá àwọn ọmọ mi ló kíyè sí i pé kì í ṣe omi nìkan ló ń gba ibẹ̀. Awọ́nríwọ́n ń gba ibẹ̀ láti inú irà lọ sí igbó kékeré tó kù lápá Ìbà. Òkété ń gbà á, ọ̀pọ̀lọ́ náà ń gbà á.

Ó wá ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bẹ̀ wọ́n kí kálukú jẹ́ kí ojúhò tirẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n sì dá koríko sí lẹ́yìn ilé. Láńlọ́ọ̀dù tó múlé tì wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá, ṣé awọ́nríwọ́n ń san owó ilé fún yín ni?"

"Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ san fún un. Ó ti wà níbí kẹ́ ẹ tó ra ilẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó gbà. Àwọn tó kù náà gbà. Tí mo bá ti ibi tí mo ti ń lẹ táyà ní Òkókómáíkò dé, lórí àpótí lẹ́yìn ilé ni mo ti ń bá a. Á ní kí n rọra tẹlẹ̀, wọ́n ń kọjá.

Lọ́dún tó kọjá, ó kú. Mo rántí orúkọ gbogbo ẹni tó wá kí mi, bí n kò tilẹ̀ ní kọ wọ́n síbí. Àkọ́bí wa sọ pé ẹ̀yìn ilé la ó sin ín sí, a ó da sìmẹ́ńtì sí gbogbo ibẹ̀, a ó lẹ táìsì sójú oórì, kí àwọn àna lè rí i pé a bọlá fún un. Bíríkìlà nàka sí ojúhò.

"Bàbá, eléyìí ńkọ́?"

Mo ro ti kí awọ́nríwọ́n sáré gba abẹ́ ẹsẹ̀ àwọn àna kọjá, kí wọ́n máa fi wá rẹ́rìn-ín. Mo ní kó dí i, kó ri páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀ fún omi, kó fi nẹ́ẹ̀tì onírin bò ó lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ọ̀nà tó fi ẹ̀bẹ̀ là láti ilé dé ilé, oórì rẹ̀ ni mo fi dí i.

Nígbà tí òjò dé, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ oórì náà, mo gbọ́ tí nǹkan ń ha nẹ́ẹ̀tì lódìkejì. Ó ha á títí, ó dákẹ́. Kò pẹ́, ariwo sọ lójú títì. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ti pa awọ́nríwọ́n kan, wọ́n ń jiyàn ta ni yóò gbé e lọ sebẹ̀.

Mo ní kí àkọ́bí mi jẹ́ ká fọ́ sìmẹ́ńtì ìdí fẹ́ńsì.

"Bàbá, ẹ fẹ́ fọ́ oórì Mọ́mì? Kí làwọn èèyàn á wí?"

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wí."

"Ẹ̀gbẹ́ oórì kọ́ ni oórì?"

Nígbà tí àkọ́bí mi lọ síbi iṣẹ́, mo mú hámà àti irin, mo lu ibẹ̀ títí ó fi dá lu. Mo wá jáde lọ wo àwọn ilé tó kù. Wọ́n ti dí tiwọn. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà, nẹ́ẹ̀tì kan náà: tiwa ni wọ́n wò ṣe.

Mo kan ilẹ̀kùn kan. Obìnrin ilé náà ṣí i fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bí ìyàwó mi ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò dùn lẹ́nu mi. Obìnrin náà gbọ́ mi tán.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ìgbà ìsìnkú Ìyá la rí i pé ẹ ti dí tiyín. A ní bóyá ejò ló wọlé. Ta ló ní kí wọ́n dí i?"

Ǹ bá sọ pé ọmọ mi ni. Ọmọ kò sí níbẹ̀ tí yóò jiyàn. Mo ní èmi ni. Ó wò mí lójú, ó sún àga fún mi, ó sì wọlé lọ pe ọkọ rẹ̀.