Imú tí Mo Fọ de Dókítà

Kòkòrò kan máa ń gbé inú imú ènìyàn jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n tó bá dé ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé, ó lè pa á. Irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ló pa àkọ́bí mi. Nígbà tí dókítà obìnrin kan wá sí àdúgbò wa ní Ògbà, tó ní òun fẹ́ mọ bí ara àwa àgbà ṣe ń bá kòkòrò yìí jà, kí wọ́n lè fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára, èmi ni mo kọ́kọ́ na ọwọ́.

Ó ní imú ni òun máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí òun tó fa ẹ̀jẹ̀. Ṣé kí àlejò wá bá ìdọ̀tí nílé mi ni? Kó tó dé, mo fi omi iyọ̀ fọ imú, mo sì gbé kápúsù apakòkòrò mì.

"Dókítà, ẹ ò ní rí kòkòrò kankan níbẹ̀!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ha, Màmá! Ẹni tí a wá kí lẹ lé jáde yẹn o."

Mo bi í pé, "Ẹ̀jẹ̀ mi ò wúlò mọ́ nìyẹn?"

Ó jókòó tì mí, kò kánjú rárá. Ó ní láti kékeré ni ara mi ti kó ọmọ ogun de kòkòrò náà sínú ẹ̀jẹ̀, kápúsù kò sì lè lé wọn. "Àwọn gan-an la fẹ́ mọ̀. Ti imú, mo máa padà wá lóṣù tó ń bọ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ tó fi jẹ́ pé n kò mọ ìgbà tó fa ẹ̀jẹ̀ náà tán. Nígbà tó padà wá, ẹnu ọ̀nà ló ti bá mi, pẹ̀lú imú tí omi iyọ̀ ò kàn.